Bí ẹ́ńjìnì kan bá kú lórí òkun, báwo ni kí epo mi ṣe pọ̀ tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, àwa tí a jìnnà sí òkun. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wa Boeing 767 láti Èkó lọ sí New York, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣeré o. Pápákọ̀ Sal ní Cape Verde, Lajes ní Azores àti Bermuda, erékùṣù inú òkun Atlantic, ni mo yàn láti yà sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. 180 ìṣẹ́jú ni mo lò gẹ́gẹ́ bí àkókò tó pọ̀ jù tí bàálù lè fi jìnnà sí pápákọ̀ tó lè yà sí, pẹ̀lú eré tí bàálù lè sá lórí ẹ́ńjìnì kan láìka atẹ́gùn sí. Bí eré yẹn bá jẹ́ 400 knots (máìlì òkun ní wákàtí kan), 1,200 máìlì òkun nìyẹn. Mo fa òbìrí yí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Ìyẹn yé mi.

Epo ló rú mi lójú. Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá tú dànù láàárín òkun, a ó sọ̀ kalẹ̀ sí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mu epo bí ọ̀mùtí. Ṣé ti ẹ́ńjìnì méjì níbẹ̀ ni kí n ṣírò, àbí ti ẹyọ kan, kí n wá mú èyí tó pọ̀ jù? Báwo ni epo tí ẹ máa ń fi kún un nítorí yìnyín tó ń dì mọ́ ara bàálù ṣe pọ̀ tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ni kó dáhùn.