BV 141: ṣé bàálù yìí fò rí lóòótọ́?

Gbénga Fóòmù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàálù fóòmù tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ni mò ń gé tà. Oníbàárà kan ní kí n ṣe BV 141 ti Jámánì fún òun. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, orí mi dàrú. Ẹ̀ńjìnì àti ìrù wà lápá òsì, ilé gíláàsì tí awakọ̀ ń jókòó sí dá wà lórí ìyẹ́ ọ̀tún, wọ́n tún gé ìdajì ìrù dànù. Ṣé kò ní yí danù bí mo bá jù ú sókè?

Bàbá Háńgà:
Ó fò, ó sì fò dáadáa. Richard Vogt ti ilé iṣẹ́ Blohm & Voss ló yà á. Lọ́dún 1937, ìjọba wọn ń wá bàálù alamí ẹlẹ́ńjìnì kan tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ á lè ríran yíká. Bí ẹ̀ńjìnì bá wà níwájú awakọ̀, kí ló fẹ́ rí? Vogt bá yọ awakọ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ̀ńjìnì pátápátá. Oṣù Kejì 1938 ni àkọ́kọ́ gbéra.

Pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù, tó bá ń yí sọ́tùn-ún lójú awakọ̀ máa ń fẹ́ dá bàálù dé sósì. Ó tún máa ń fa imú rẹ̀ sósì; ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wa bàálù kékeré Cessna fi máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n bá ń gbéra. Ẹrù ilé gíláàsì tí Vogt gbé sọ́tùn-ún ló ń fa ìyẹ́ ọ̀tún padà sílẹ̀. Ẹ̀ńjìnì tó wà lósì náà ń ti imú sọ́tùn-ún, nígbà tí pùròpẹ́là ń fà á sósì. Ojú lo fi wò ó, lo ṣe ní kò dọ́gba.

Ìrù ńkọ́? Nínú ẹ̀dà B ló ti gé apá ọ̀tún rẹ̀, kó má baà dí oníbọn ẹ̀yìn lójú.

Gbénga Fóòmù:
Háà! Kí ló wá dé tí a ò gbọ́ ọ́ mọ́, Bàbá?

Bàbá Háńgà:
Agbára ẹ̀ńjìnì àkọ́kọ́ kéré. BMW 801 tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bàálù Fw 190 tó ń jà lójú ogun náà ń fẹ́ ẹ. Fw 189 ẹlẹ́ńjìnì méjì sì ti gba iṣẹ́ alamí lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe, kò sì sí ọ̀kankan nílẹ̀ lónìí. Ó dùn mí.

Ìyá Ìyẹ́:
Vogt yẹn ò jáwọ́ o. Ní 1944 ó ya bàálù P.202, tí ìyẹ́ rẹ̀ á máa yí lórí ẹ̀yìn bàálù, apá kan níwájú, apá kan lẹ́yìn. Wọn ò kàn án. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ló wá fi bàálù AD-1 gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ fò ní 1979, ìyẹ́ náà sì ń yí dé dígírì 60. Ó máa ń yọ awakọ̀ lẹ́nu tó bá ti kọjá 45. Burt Rutan, ayàbàálù ará Amẹ́ríkà, náà gbé bàálù Boomerang jáde ní 1996, ẹ̀ńjìnì méjì tí kò bára mu, kí bàálù má baà ṣẹ́rí burúkú bí ọ̀kan bá kú.

Bàbá Háńgà:
Gbénga, bátìrì ni kó o kì sínú ilé gíláàsì yẹn. Fi ìka méjì gbé bàálù náà láàárín ilé gíláàsì àti ẹ̀ńjìnì, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀ńjìnì, kó o rí i pé kò fì síbì kankan. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta pùròpẹ́là tó ń yí sósì fún ẹ.