Aṣọ 16 nílẹ̀, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ 3: ibo ni àkókò mi ń gbà lọ?

Abẹ́rẹ́Ọlá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Bùbá àti ìró 16 ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ 3, àwọn kọ́sítọ́mà ṣì ń kó aṣọ bọ̀. Aago 8 àárọ̀ ni mò ń ṣí, mo ń tì í ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, n kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ iṣẹ́ kan ló wà lọ́dọ̀ mi. Wákàtí 2 ni mo ń fojú bù fún bùbá àti ìró kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú, ẹyọ kan ò ní tíì parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ àtijọ́ lọ sí Yídì nítorí mi.

Tépù60:
Ẹ kú làálàá. Wákàtí 2 tí ẹ fojú bù yẹn, ìdí máṣíìnì nìkan lẹ kà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀: gígé, ìṣẹ́jú 40, rírán, 120, wíìfìn tí kì í jẹ́ kí etí aṣọ tú, 20, fífi ọwọ́ ṣẹ́ etí, 30, lílọ̀, 20. Ìṣẹ́jú 230 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 4, a ò sì tíì fi láínìn sí i.

Gbogbo oníṣẹ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ń fojú bu àkókò iṣẹ́, bí iṣẹ́ náà ṣe máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa ń rò, kì í wo iye àkókò tí irú rẹ̀ ti gbà sẹ́yìn. Ẹ fi aago fóònù ka aṣọ 3 láti gígé dé lílọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà nínú ìwé. Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ máa fi dá ọjọ́.

Ọjọ́ yín náà kì í ṣe wákàtí 10. Ẹ yọ 2 fún àwọn tó ń wọlé wá wọn aṣọ, 1 fún oúnjẹ àti ìrun, 1 fún àtúnṣe. Ó ku 6. Ọ̀sẹ̀ 3 láìsí Àìkú jẹ́ ọjọ́ 18. Ẹ fi 2 tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìdánwò lára àti fífẹ̀ ẹ́ tàbí fífún un. Ọjọ́ 16 ló kù, wákàtí 96. Mẹ́rìndínlógún tó wà nílẹ̀ á gba wákàtí 61 àti ìṣẹ́jú 20. Ohun tó ṣẹ́ kù kò lè gbà ju aṣọ 9 lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà 9 sára ògiri, ẹ máa pa ọ̀kan rẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá gba aṣọ. Bó bá tán, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé lẹ́yìn ọdún ni.

N ò ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn. Ohun tó bá bá yín ṣe, èrè ni.

ÌyáWíìfìn:
Ìṣirò yẹn dára, àmọ́ iná ló máa bà á jẹ́ bí ẹ ò bá ṣọ́ra. Agbọ̀n méjì ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wíìfìn, áyọ́ọ̀nù àti lílẹ gum stay (aṣọ líle tí áyọ́ọ̀nù máa ń lẹ̀) mọ́ ọrùn bùbá, iná ni wọ́n ń dúró dè: inú agbọ̀n kan nìyẹn. Rírán lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, etí ṣíṣẹ́ àti bọ́tìnnì wà nínú èkejì. Bí iná bá ti dé, ẹ dìde nídìí ohunkóhun tí ẹ ń ṣe, agbọ̀n oníná ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ibi tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń pàdánù nìyí: iná á dé, wọ́n á jókòó ti industrial, máṣíìnì ìránṣọ oníná, nítorí pé ó yára, iná á lọ, wíìfìn á sì kù sílẹ̀.

Ẹ ti gé gbogbo gum stay sílẹ̀ kí iná tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, ẹ fi àgékù dán an wò ná. Eérú kékeré lára léèsì funfun, fífọ̀ ni, ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Aṣọ òwú tó lè súnkì, alẹ́ ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ rẹ ẹ́ sómi. Bó bá di ọjọ́ gígé kí ẹ tó rántí, ọjọ́ kan gbáko ló fi bọ́.

Ṣọ́ọ̀kìFunfun:
Mo fẹ́ fi ti gígé kún un. Ẹ má gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún pọ̀ o. Mẹ́rin mẹ́rin ni. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni, apá ẹnì kan á bọ́ sínú ti ẹlòmíì, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi rán an. Àwọn tí àwọ̀ òwú ìránṣọ wọn jọra ni kí ẹ gé pọ̀, kí ẹ wé òwú náà sí bọ́bìn 4 lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá gé ọ̀kan tán, ẹ ká a pọ̀, ẹ fi àgékù tirẹ̀ gan-an dì í, ẹ fi píìnì kan bébà mọ́ ọn: orúkọ, ọjọ́ tó fẹ́ gbà á, iye ẹ̀ya. Ara, apá méjì, aṣọ ọrùn, ìró: márùn-ún. Bí ẹ bá kà á tí kò pé, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó dé ìdí máṣíìnì.

Ti fóònù náà wà níbẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e láti wo sítáì lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ mìíràn á fà yín lọ. Ẹ ya sítáì náà sínú ìwé lọ́jọ́ ìwọ̀n. Aago 1 àti aago 5 ni kí ẹ máa dá àwọn èèyàn lóhùn, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n mọ̀.

Abẹ́rẹ́Ọlá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni tó bá wá yí sítáì padà lẹ́yìn tí mo ti gé aṣọ rẹ̀ ńkọ́?

Tépù60:
Ẹ pè é lálẹ́ tó ṣáájú gígé: "Ọ̀la ni màá gé e o, ṣé sítáì yìí náà ni?" Lẹ́yìn gígé, bó bá yí i padà, aṣọ tuntun ni, ó gba ìlà kan lára ògiri, á sì san owó rírán tuntun. Bí ìlà ò bá sí mọ́, sítáì àkọ́kọ́ lẹ máa rán. Ẹ kọ èyí sábẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé lọ́jọ́ tó bá mú aṣọ wá, kí ó fọwọ́ sí i kí ẹ tó gba àsansílẹ̀.