Wọ́n ń ṣèpàdé lórí ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi, wọn ò pè mí

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi ni mò ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì wa. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ ọ, èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́, onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìyá rẹ̀ jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ti àwọn ọmọ yòókù. Ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n kàn na tábílẹ́ẹ̀tì kan sí mi pé òun ni ọmọ náà yóò máa fi sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fi bí wọ́n ṣe ń tàn án hàn mí. Nígbà tí bátìrì kú, ìyá rẹ̀ sọ lójú gbogbo èèyàn pé mi ò bìkítà. Olùkọ́ ń gbọ́, kò gbèjà mi. Aṣọ tí mo bá wọ̀ ló máa ń rí bá wí. Ṣé kí n fiṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó lè fọwọ́ tẹ nǹkan? Kí ló ń lò kí tábílẹ́ẹ̀tì tó dé? Ẹ ò sọ ìkankan.

Bàbá Tòmíwá: Ojú tiwa náà rí i. Pátákó àwòrán tí ọmọ wa ń tọ́ka sí láti fi sọ̀rọ̀ nílé yàtọ̀ sí ti ilé ìwé. Nílé, "ó tó" wà ní igun òkè. Nílé ìwé, "omi" ló wà níbẹ̀. Ọmọ á na ọwọ́ síbi tó mọ̀, wọ́n á fún un lómi, á dà á nù, wọ́n á ní oníjàgídíjàgan ni. Ìgbà tí gbogbo wa gbà láti lo ẹyọ kan, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró sójú kan, ni ara tó tù ú.

Bàbá Àgbà: Ẹ má gbé ẹ̀rọ fún ọmọ o. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kò ní gbìyànjú àtisọ̀rọ̀ mọ́.

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀: Bàbá, ẹ dákun, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí Millar, Light àti Schlosser yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò ní 2006, lórí àwọn tí wọ́n kọ́ láti fi àmì ọwọ́ tàbí àwòrán sọ̀rọ̀. Nínú èèyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn lágbára jù, kò sí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù.

Bàbá Àgbà: Ìwé lẹ̀ ń kà. Èmi, ọmọ ni mo tọ́.

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀, kò lè tẹ nǹkan kan. Ní ti bátìrì, wọn ò fún mi ní ṣájà. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Tó bá fẹ́ nǹkan, ó máa ń gbójú sókè. Tí kò bá fẹ́, á dijú pinpin. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná. Ẹ mọ èyí, ẹ ò sì sọ fún wọn?

Màmá Ṣèyí: Ọ̀rọ̀ aṣọ lo gbé síwájú, ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ ọlọ́mọ ń sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan lò ń gbọ́!

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Mà, ta ni kí n sọ fún? Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ nígbà kan, ó ní kí n lọ nu tábìlì.

Onímọ̀ Ọ̀rọ̀: Àǹtí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n yàn torí wọn ò mọ̀ pé ojú ló fi ń dáhùn. Èyí tí wọ́n ń fi ojú darí wà. Kó tó dé, ẹ máa tọ́ka sí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ dúró dè é dáadáa. Èyí tó bá gbójú sókè sí ló fẹ́. Ẹ wá kọ ọ́ sójú ìwé kan bíi pé òun ló ń sọ̀rọ̀: "Tí mo bá gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má kánjú mi." Ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Bàbá Tòmíwá: Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn.

Màmá Ṣèyí: Rárá o, olùkọ́ ni. Kó má fo ọ̀gá rẹ̀ dá.

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Màá kọ ọ́ lálẹ́ yìí. Màá fi ọ̀kan sínú báàgì rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ rí i, màá fi ọ̀kan sórí tábìlì olùkọ́. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè sípàdé tó ń bọ̀.