Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé: báwo ni mo ṣe máa fi ohùn píkọ́ọ̀pù tí mo tún wé han àwọn onígìtá tí ò gbà?

Wáyà_Tínrín · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi mọ́. Mo tún wáyà píkọ́ọ̀pù gìtá mi wé, ìyẹn nǹkan olóòfà abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn gìtá lọ sínú áńpù, mo fọwọ́ ara mi wé e. Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn onígìtá mẹ́rin ń bọ̀ wá gbọ́ ọ n'Íjẹ̀bú-Òde níbí. Mẹ́ta nínú wọn ti ń sọ ọ́ kiri pé wáyà ò lè yí ohùn gìtá padà, pé ọwọ́ ẹni tó ń ta á ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọn ni bàbá tí gbogbo wa ń wárí fún. Òun ò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n kọ́kọ́ ta? Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí.

Ọmọ_Mákun · 9:20 alẹ́

Ibo lẹ ti fẹ́ ṣe é? Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó lápá Fọlágbadé yẹn ni, má dán an wò. Gbogbo wa la mọ bí ògiri ibẹ̀ ṣe ń dá ohùn padà. Wá yàrá kékeré tó ní kápẹ́ẹ̀tì.

Akọrin_Ìkẹ́nnẹ́ · 9:31 alẹ́

Àbúrò, o ò sọ nǹkan kan fún wa. Ṣé oníkọ́ìlì kan ni, ìyẹn ìdì wáyà kan, àbí oníkọ́ìlì méjì? Ṣé o fi kún wáyà rẹ̀ ni àbí o dín in kù? Áńpù wo lo máa lò?

Ohun kan rèé ná: etí èèyàn máa ń pe ohùn tó ròkè díẹ̀ ní ohùn tó dára jù. Bí tuntun bá fi díẹ̀ ròkè ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n á ní ó dùn. Bó bá wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní ó ti kú. Mú kí méjèèjì dọ́gba ní ríròkè kó o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́.

Bàbá_Báàsì · 9:58 alẹ́

Àbúrò, kó o tó pe ẹnikẹ́ni, gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún ká ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gbé gìtá lídì tí mo ti ń ta fún ọdún mọ́kànlá lọ fún ẹnì kan tó ní òun á tún píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wé kó lè lágbára. Ó gba owó mi pé kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo gbé e délé, ohùn dùn, inú mi dùn. Ọjọ́ ìkórè pé, a so ó mọ́ áńpù ńlá, ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń jó bọ̀. Mo ní kí n gbé ohùn sókè díẹ̀ báyìí, ni gìtá bá han! Ó han gooro, àwọn ọmọdé fọwọ́ di etí, ijó dúró. Alùfáà yíjú padà, ó wò mí. Mo pa gìtá náà, mo jókòó tì í títí ìsìn fi parí, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà pé kó bá mi dá wáyà àtijọ́ padà. Ó ní òun ti gé e dànù. Títí dòní, ohùn gìtá yẹn ò padà sí bó ṣe wà. Bí mo bá ti gbọ́ pé ẹnì kan tún píkọ́ọ̀pù wé, àyà mi máa ń já.

Ìyá_Akọrin · 10:04 alẹ́

Yéè! Níwájú gbogbo ìjọ? Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò tiẹ̀ bẹ̀ yín?

Bàbá_Báàsì · 10:06 alẹ́

Kò bẹ̀ mí.

Ẹlẹ́rọ_Sábó · 10:15 alẹ́

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ kì í ṣe títún un wé ló dá a, àìfi ìda sí i ni. Wáyà yẹn ò nípọn ju irun orí lọ, 0.063 mm péré, wọ́n sì máa ń wé e yípo bí ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́jọ. Bí àwọn ìyípo yẹn ò bá dì mọ́ra dáadáa, ariwo áńpù fúnra rẹ̀ á máa mì wọ́n, píkọ́ọ̀pù á gbọ́ mímì yẹn, á dá a padà sínú áńpù, áńpù á tún pariwo sí i. Bó ṣe ń han nìyẹn. Ẹ ò gbọ́ ọ nílé torí pé ohùn ò ròkè nílé.

A máa ń yọ́ ìda àbẹ́là pọ̀ mọ́ ìda oyin díẹ̀, a ó gbé abọ́ rẹ̀ lé inú omi gbígbóná, kó máa gbóná ní bí 65°C, a ó wá ri píkọ́ọ̀pù bọ inú rẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́. Bí iná bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ike rẹ̀ á ká.

Ọmọ_Mákun · 10:22 alẹ́

Jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ má da bàbá láàmú. Ìkórè wo ni wọ́n ṣe ní Ṣágámù láìsí jẹnẹrétọ̀? Kò sí wáyà tó wọlẹ̀, ohun gbogbo ló máa pariwo.

Ẹlẹ́rọ_Sábó · 10:29 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ariwo iná yàtọ̀ sí híhan. Ti iná máa ń kùn wálẹ̀ wálẹ̀ bí oyin, 50 Hz ni iná ilẹ̀ wa. Bó o bá fọwọ́ kan okùn gìtá tí kíkùn náà rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀ ni. Ti bàbá ròkè, ó sì gún etí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó tan áńpù, kó fi igi ìṣáná kan orí píkọ́ọ̀pù kò-kò-kò. Bó bá dún bí ìgbà téèyàn ń kan gbohùngbohùn, kò dì.

Ọmọ_Mákun · 10:33 alẹ́

Mo ti bá bándì ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Jẹnẹrétọ̀ ni.

Bàbá_Báàsì · 10:41 alẹ́

Jẹnẹrétọ̀ kan náà la lò lọ́dún tó ṣáájú. Kò han.

Ìyá_Akọrin · Ẹtì, 6:50 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ gìtá: ọmọ mi ní gìtá onígi olókùn rọ́bà, ó fẹ́ máa fi ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé wọ́n lè fi irú píkọ́ọ̀pù yìí sí i? Níbo ni mo ti lè rà á lápá Ìperu?

Akọrin_Ìkẹ́nnẹ́ · 7:15 àárọ̀

Kò ní ṣiṣẹ́, mà. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, irin ló ń gbọ́. Okùn rọ́bà ò ní dún níbẹ̀ rárá. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara igi.

Wáyà_Tínrín dà?

Wáyà_Tínrín · 7:40 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni. Oníkọ́ìlì kan ni, mẹ́ta lórí gìtá kan. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná ni mo fi wé wọn. Mo dín wáyà wọn kù, mítà kà á sí 5.6k óòmù, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dá iná dúró tó. 6.1k ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó · 7:52 àárọ̀

O dín in kù kẹ̀? Kí ló dé? 9k ni wọ́n ń fẹ́! Wé e kún, kó lágbára, kí wọ́n gbọ́ ọ bí wọ́n bá wọlé. Ẹni tí ò gbà gbọ́, ariwo ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Akọrin_Ìkẹ́nnẹ́ · 8:20 àárọ̀

Rárá o, mi ò gbà. Iye tí mítà bá kà kì í ṣe agbára. Wáyà tó tún tín-ín-rín sí i lásán á gbé iye náà sókè. Bó o bá sì fi kún ìyípo, ohùn á nípọn láàárín, ṣùgbọ́n ṣáṣá òkè rẹ̀ á lọ, á dà bí ẹni fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Fún rọ́ọ̀kì, ó dára. Ṣùgbọ́n kí làwọn bàbá wa ń ta níhìn-ín? Jùjú ni, háíláìfù ni, orin ìyìn ni. Láti nǹkan bí 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti gbé gìtá oníná wọ inú jùjú, ohùn tó já gaara láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni onígìtá jùjú ń wá. Gìtá ténọ̀ tí ohùn rẹ̀ dí, ìlù á bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ọmọ yìí ṣe bá orin wa mu gan-an, inú mi sì dùn sí i.

Àmọ́ àbúrò, ewu tìẹ nìyí: èyí tó o dín kù á wálẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n á ní ó ti kú. Má fi nọ́ọ̀bù gìtá dín ti àtijọ́ kù kí wọ́n lè dọ́gba, torí nọ́ọ̀bù máa ń jí ṣáṣá òkè lọ, ìyẹn ò ní jẹ́ òdodo. Síkúrúù ni kó o fi sọ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kalẹ̀ díẹ̀ jìnnà sí okùn. Yá gìtá kejì tó jọ tìẹ tí wọn ò tíì tún wé, kó dúró fún ti àtijọ́, okùn tuntun tí wọ́n nípọn bákan náà, oní 10, fún méjèèjì, wáyà kan, áńpù kan. Etí kì í rántí ohùn pẹ́, tó o bá ní kí wọ́n dúró kó o fi sódà yọ ọ̀kan fi òmíràn sí i, wọ́n á ti gbàgbé. Fi aṣọ ìkélé bo ara rẹ, kí ẹnì kan ṣoṣo ta méjèèjì, kí wọ́n máa kọ èyí tí wọ́n fẹ́ sórí ìwé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó · 8:31 àárọ̀

Ìdánwò WAEC nìyẹn. Ta ló máa jókòó fún un?

Ẹlẹ́rọ_Sábó · 8:44 àárọ̀

Ọ̀nà Akọrin ló dára jù. Mo ní gìtá tó lè jọ tirẹ̀, mo lè gbé e wá láti Ṣágámù ní Sátidé. Wáyà_Tínrín, ṣé o fi ìda sí i?

Bàbá_Báàsì · 9:03 àárọ̀

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn.

Wáyà_Tínrín · Sátidé, 11:25 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná, mi ò sùn. Mi ò ní ṣe aṣọ ìkélé, mi ò sì ní yá gìtá kejì. Mo ti sọ fáwọn mẹ́ta yẹn pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Àárọ̀ yìí ni mo gbé gìtá náà lọ bá bàbá nílé ní Mọlípà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi èyí ta lóde ìnáwó yín lónìí, ẹ má dá a padà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Wọ́n gbà á.

Akọrin_Ìkẹ́nnẹ́ · 11:40 àárọ̀

Há! Wọn ò ní rí ti àtijọ́ gbọ́ mọ́ ọn. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù ni, tí kì í ṣe gìtá? O sì mọ̀ pé a fi àkókò wa sílẹ̀ fún ọ.

Wáyà_Tínrín · 11:52 àárọ̀

Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bàbá ló kọ́kọ́ fi gìtá yẹn kọ́ mi ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ ohùn rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Wáyà_Tínrín · Ìṣẹ́gun, 7:18 alẹ́

Mo lọ gbà á. Bàbá ò yìn ín, wọn ò bú u. Wọ́n ní ìlù ò bò ó mọ́lẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Wọ́n wá tọ́ka sí gìtá tiwọn lára ògiri, wọ́n ní kí n gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí n tọ́jú wáyà àtijọ́ rẹ̀ fún àwọn.

Bàbá_Báàsì · 7:30 alẹ́

O ò tíì dá wa lóhùn. Ṣé o fi ìda sí i?

Wáyà_Tínrín · 7:33 alẹ́

Mo fi sí i, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rì í. Bí ẹ bá lè gbé tiyín wá, màá bá yín wò ó, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Bàbá_Báàsì · 8:10 alẹ́

Ọjọ́ wo lo máa ń wà nílé?