Casino, AF75 tàbí G2622: gìtá inú-ṣófo wo ló bá ṣọ́ọ̀ṣì tí ariwo pọ̀ mu?

Adé_Olókùn-Mẹ́fà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo fẹ́ ra gìtá elétíríìkì tí inú rẹ̀ ṣófo, owó mi ò sì tó Gibson. Mẹ́ta ni mo ti rí: Epiphone Casino tuntun, Ibanez AF75 tòkunbọ̀, àti Gretsch Streamliner G2622, tòkunbọ̀ lòun náà. Casino ló wọ́n jù, iye àwọn méjì yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti fẹ́ máa lò ó, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Tààkèé. Dúrọ́ọ̀mù ò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ibi tí mo ń dúró sí, mọ́nítọ̀ kan wà nílẹ̀ tó kọjú sí mi, jẹnẹrétọ̀ la sì ń tàn lọ́pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. A ò ní áńpù gìtá, inú míṣà la ń ki wáyà bọ̀ tààrà. Bí wọ́n bá pè wá sóde, jùjú la máa ń ta. Ohùn tó nípọn tó sì rọ̀ ni mo ń wá, kì í ṣe èyí tó ń gún ni létí. Èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n wò lára rẹ̀ kí n tó kówó sílẹ̀?

Bọ̀dá_Tẹ́nọ̀

Àbúrò, orúkọ tó wà lórí gìtá kọ́ ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ, méjì ló ṣófo pátápátá: Casino àti AF75. G2622 yàtọ̀. Wọ́n la igi gbọọrọ kan kọjá láàárín inú rẹ̀, láti ìdí ọrùn dé ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì nìkan ló ṣófo. Ọgbọ́n tí Gibson fi ṣe gìtá ES-335 ní 1958 nìyẹn, kí gìtá má baà máa hu bí wọ́n bá gbé ohùn sókè.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, tan iná fóònù, gbé e sẹ́nu ọ̀kan nínú ihò méjì tó rí bíi f lójú gìtá, kí o sì yọjú wo inú. Bí o bá rí ògiri igi tó dínà, igi àárín wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á kọjá tó yọ ní ihò kejì, ó ṣófo. Má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́ lórí èyí o, àwọn ọlọ́jà máa ń da AF àti AS tí Ibanez ń ṣe pọ̀ mọ́ra wọn. AF75 ṣófo, AS73 ní igi láàárín.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: ojú gìtá tó ṣófo tínrín, ó sì máa ń gbọ̀n. Ohùn tó ń jáde ní mọ́nítọ̀ á gbọ̀n ojú gìtá, ojú gìtá á gbọ̀n okùn, pickup (ohun tó ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná) á gbé e, míṣà á tún dá a padà sí mọ́nítọ̀. Á máa yí po bẹ́ẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi di híhu. Lára gìtá ńlá bíi AF75, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní agbègbè 100 Hz, ìyẹn nítòsí G tó wà ní fíréètì kẹta (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn) lórí okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù. O tẹ G nínú orin ìyìn, gbogbo ìjọ á bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà tún wà níbẹ̀. P-90 ni pickup Casino, oní-kóìlì-kan ni, ó sì máa ń gbé ìkùn iná wọlé. Humbucker ni ti AF75 àti G2622, kóìlì méjì tí ọ̀kan ń pa ìkùn èkejì. Bákan náà, ọrùn Casino wọnú ara gìtá ní fíréètì 16, nígbà tó jẹ́ pé 19 ni ti irú ES-335. Bí o bá ń gun òkè ta sólò, ọwọ́ rẹ á tètè kan ara gìtá.

Casino dára o, Lennon, McCartney àti Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles lò ó. Ó tún rẹwà ju G2622 lọ lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ibi tí o ṣàpèjúwe yẹn, G2622 ni kí o mú. Bí èyí tí o rí ò bá dára, wá AS73 tàbí Epiphone Dot, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Àǹtí_Jùjú

Bọ̀dá Tẹ́nọ̀, mo gba tiyín lórí mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti tètè ta AF75 nù. Ohùn gìtá tó ṣófo kì í pẹ́ nílẹ̀. O ta á, ó dún pọ́ń, ó ti kúrò. Nínú jùjú, ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí gìtá tẹ́nọ̀ bá ń tún ọ̀wọ́ kan náà ta láìdúró, tí ohùn kọ̀ọ̀kan bá ń wọ́ra wọnú èkejì, gángan ò ní ríbi sọ̀rọ̀. Gìtá tó ní igi nínú máa ń fa ohùn gùn, ọwọ́ ọ̀tún ló kù tí o máa fi máa pa á.

Híhu ṣeé kápá. Ra fóòmù rírọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àga ń lò. Gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fẹ̀ tó ìka méjì, kí o so òwú mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o lè rí i fà jáde lọ́jọ́ mìíràn. Rọra máa kì í gba ihò f wọlé títí tí abẹ́ bíríìjì (ibi tí okùn jókòó lé lójú gìtá) á fi kún dáadáa. Má fi tipá kì í sápá ibi tí àwọn bọ́tìnnì fólúùmù wà, wáyà ló wà níbẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ. Bí míṣà yín bá ní èyí tó ṣeé yàn, dín agbègbè 200 sí 250 Hz kù ní 3 dB, kí o gbọ́ ọ ná kí o tó dín in jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o sì gbé mọ́nítọ̀ yẹn kúrò níwájú ikùn gìtá. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kó kọjú sí etí rẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ Casino pẹ̀lú, kó mọ̀ pé ìkùn P-90 máa ń pọ̀ tàbí kó dín bí èèyàn bá ṣe dojú kọ ibi tí iná ti ń wá. Yí ara po díẹ̀díẹ̀, wàá rí ibi tó ti rọlẹ̀ jù.

Lórí okùn, 11 sí 49 ni kí o lò (sísanra okùn ni, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì). Okùn 9 lórí gìtá inú-ṣófo, ìyà lásán ni. Ọ̀pọ̀ wọn, bíríìjì wọn kò kàn mọ́ ara, ìfúnmọ́lẹ̀ okùn ló dì í mú. Okùn tó bá fúyẹ́ kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, bíríìjì á máa yẹ̀, á sì máa dún gbàràgbàrà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí o tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ téèpù bébà sí iwájú àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bíríìjì, kí o máa pààrọ̀ okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sọ́dà_Ṣábó

Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, ẹ ń jà lórí gìtá, ẹ ti gbàgbé míṣà. Kò sí bátìrì nínú gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pickup wọn kò lágbára láti ti ihò layìn-ìn (line in) míṣà lásán. Pickup bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdènà iná tó tó nǹkan bíi 1 megohm níwájú rẹ̀, ihò layìn-ìn sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm mélòó kan péré. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn òkè á kú, gbogbo rẹ̀ á dún bí ẹni bo aṣọ lé e lórí, ẹni tó wà nídìí míṣà á wá máa gbé gain (agbára ohùn tó ń wọlé) sókè, híhu á sì bẹ̀rẹ̀. Adé, wo míṣà yín: bí ṣánẹ́ẹ̀lì kan bá ní bọ́tìnnì Hi-Z (ti gìtá), ibẹ̀ ni kí o wọ̀. Bí kò bá ní, ra DI box oní-bátìrì (active), àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá míṣà mu, kí o sì gba ẹnu ihò XLR, ihò maikirofóònù, wọlé. Bí o kò bá ṣe èyí, kò sí èyí tó máa dùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nísinsìnyí, àyẹ̀wò. Mú wáyà gìtá àti áńpù kékeré kan dání lọ.

Ẹ̀yìn orí gìtá ni kí o kọ́kọ́ wò, níbi tí ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Casino àti Dot máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú, wọn a sì fi gúlùù àti pólíìṣì bò ó. Fi èékánná fà á kọjá. Ìlà tí èékánná bá kọ́, kì í ṣe ojú igi. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara. Gúlùù ni wọ́n fi lẹ ọrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí bóòtù tí o lè tú. Bí ibẹ̀ bá ti là, fi sílẹ̀ fún wọn.

Gbé rúlà dábùú ojú gìtá níwájú bíríìjì. Ó yẹ kó yọ ikùn díẹ̀. Bó bá ti rì wọlé, igi abẹ́ rẹ̀ ti tú. Fi ìka kan ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ káàkiri, ibi tó bá dún wọ́rọ́wọ́rọ́, nǹkan ti já níbẹ̀.

Ki wáyà bọ̀ ọ́, kí o mi ẹnu wáyà náà. Ó wọ́pọ̀ kí nọ́ọ̀tì jákì (ihò tí wáyà ń wọ̀) tú lára irú gìtá yìí, tí wọ́n bá wá ń yí i láti ìta láìdi jákì mú, jákì á yí tẹ̀lé e, á sì já wáyà nínú. Yí gbogbo bọ́tìnnì. Ariwo ṣáṣáṣá nígbà tí o bá ń yí i, eruku ni, kọ́ńtáàkì kílínà á mú un kúrò. Bí ohùn bá já pátápátá, ìyẹn nǹkan mìíràn. Ẹ̀yìn gìtá yìí kò ní ìdérí tí a lè ṣí. Ihò f ni a ó ti fa gbogbo bọ́tìnnì àti ṣúwíìṣì jáde, òwú la sì máa so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè fà á padà sí ihò rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ju ti gìtá pákó lásán lọ dáadáa, nítorí náà yọ ọ́ nínú owó tí o fẹ́ san.

Bí ìkùn bá dákẹ́ nígbà tí o bá fọwọ́ kan okùn, wáyà ilẹ̀ gìtá dára, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń gbé ariwo. Bó bá pọ̀ sí i nígbà tí o fọwọ́ kàn án, wáyà ilẹ̀ ti já.

Adé_Olókùn-Mẹ́fà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí, bí mo bá ń ta jùjú nìkan ni, AF75 ni mo bá mú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù. Mo ti yẹ G2622 wò. Igi wà láàárín. Kò sí ìlà lẹ́yìn orí àti ní ìdí ọrùn, bọ́tìnnì kan ló ń ṣe ṣáṣáṣá. Àmọ́ okùn ga lókè ọrùn, bí mo bá tẹ okùn kẹfà ní fíréètì kìn-ín-ní àti ní ìdí ọrùn, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti fíréètì keje tó sísanra káàdì ATM kan. Okùn kẹfà náà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní fíréètì 12, ohùn rẹ̀ ga ju harmonic rẹ̀ lọ (ohùn tó ń jáde bí mo bá kàn fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀). Ẹni tó ń tà á ní bó ṣe wá láti òkè òkun nìyẹn. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Bọ̀dá_Tẹ́nọ̀

Ó ṣeé ṣe. Jẹ́ kó yọ owó kúrò lórí ṣáṣáṣá yẹn, G2622 tìrẹ ni.

Sọ́dà_Ṣábó

Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí o dán an wò níwájú rẹ̀. Káàdì ATM ti pọ̀ jù: o fẹ́ nǹkan bíi 0.25 mm, ìyẹn bébà káàdì ìpè kan, nígbà tí o bá tẹ okùn kẹfà ní fíréètì kìn-ín-ní àti níbi tí ọrùn ti bá ara pàdé. Ó lè jẹ́ òjò ló fà á, ọ̀rinrin lè jẹ́ kí ọrùn tẹ̀ síwájú. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, ó sì lè padà díẹ̀, etí fíréètì á tún máa yọ sí ọ ní ìka. Nítorí náà má fún un jù nísinsìnyí.

Ṣe é ní ẹsẹẹsẹ, torí ọ̀kan ń yí èkejì padà. Ọrùn ṣáájú: ṣí ìdérí kékeré tó wà lára orí gìtá, lókè ọrùn, rọ okùn díẹ̀, kí o yí irin inú ọrùn sí ọ̀tún ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré. Tún un túùnù, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, gíga bíríìjì: ní fíréètì 12, nǹkan bíi 2 mm lábẹ́ okùn kẹfà, 1.5 mm lábẹ́ okùn kìn-ín-ní. Ìgbẹ̀yìn ni ti harmonic. Ohùn tí o tẹ̀ ga ju harmonic, nítorí náà fi súkúrú dá gàárì okùn yẹn (irin kékeré tí okùn jókòó lé lórí bíríìjì) sẹ́yìn, sápá ibi tí wọ́n so okùn mọ́. Gíga okùn náà wà lára ohun tó fà á, ó lè jẹ́ pé o kò ní sún gàárì púpọ̀ mọ́ bí o bá ti sọ okùn kalẹ̀.

Níwájú ọlọ́jà, ìdá mẹ́rin ìyípo yẹn nìkan ni kí o ṣe. Bí irin náà bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí o sì rí i pé àlàfo dín kù díẹ̀, san owó rẹ̀. Bó bá le koko tí kò yí mọ́, ẹnìkan ti yí i dé òpin ṣáájú rẹ. Má fagbára kún un, gbé gìtá náà padà fún un.