Ohun tí Òṣogbo kọ́ wa láìjókòó sí kíláàsì: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Òròkí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi kan ní yunifásítì ń kọ iṣẹ́ lórí bí àṣà ṣe ń darí àwùjọ. Mo wo ìwé tí wọ́n fún un, àlàyé ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Kí ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò pè yín jókòó kọ́ yín, tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, tó sì jẹ́ pé òun ló ń darí bí ẹ ṣe ń gbé nílùú yìí? Ẹ má kó òwe wá o. Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́.

Kí n bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí. Ní kékeré wa, a mọ ìwọ̀ í jù dáadáa, ebi sì máa ń pa wá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ ju ìwọ̀ sínú omi tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá. Ẹja ibẹ̀ á yọrí, á máa wò wá, àwa náà á máa wò ó. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Tí ẹ bá ní ta ló sọ fún mi pé èèwọ̀ ni, mi ò lè dárúkọ ẹni náà. Mo kàn mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé èèwọ̀ ọ̀hún ti fẹ́ẹ̀ kú rí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ti ń gégi nínú igbó náà, wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀, àwọn àwòrò kan sì ti fi ojúbọ sílẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, ló bá àwọn olóòṣà tó kù àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí dìde sí i. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, hẹ́kítà 75 gbáko. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn àlejò tó máa ń dúró níwájú ère, tí wọ́n á máa mirí, pé ẹ wo iṣẹ́ àwọn baba ńlá láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Òmíràn nínú àwọn ère yẹn ò dàgbà tó mi!

Ará Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ yín, ibi tí igbó yín parí sí náà ló parí sí.

Àgbègbè Iléṣà ni mo dàgbà sí. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ wa náà ni àwọn awakùsà góòlù wà. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú omi. Gbogbo yín lẹ rí i bí omi náà ṣe pọ́n tó sì ki láti ọdún mélòó kan. Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá oko bàbá mi. Ọmọlúàbí ni, ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé odò òrìṣà ni gbogbo ìdọ̀tí yìí ń ṣàn lọ. Ó ní òrìṣà ìlú tòun ò sí níbí, iṣẹ́ lòun wá ṣe.

Mi ò rí èsì fọ̀ fún un títí dòní. Kò purọ́. Èèwọ̀ tí wọn kò bí i mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rù rẹ̀? Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu omi Ọ̀ṣun. Mo wá síbi ọdún Ọ̀ṣun lọ́dún yẹn, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń bù ú sínú ike, tí wọ́n ń fi bọ́jú, tí wọ́n ń mu ún. Àṣà ò jẹ́ kí àwọn yẹn pa ẹja odò, òun náà ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé omi ti bàjẹ́. Kí àbúrò yín kọ èyí sínú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Òròkí

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ṣùgbọ́n n ó sọ fún un kó kọ ọ́.

Ìyàwó Ẹ̀yìn Ọjà Ọba

Ẹ jẹ́ ká kúrò létí odò, ká wọlé díẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti fẹ́ mi wá sí agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Bárékè ọlọ́pàá ni mo dàgbà sí, níbi tí kálukú ti ń gbé yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, ìyá ọkọ mi ní kí n jókòó. Wọ́n pe àwọn ọmọ ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọdún mẹ́rin tí ikun ń yọ nímú rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo wọn pátá lọkọ mi, àtọkùnrin àtobìnrin, nítorí pé wọ́n ti wà nílé kí n tó wọlé. N ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú wọn. Kí n wá orúkọ tí n ó máa pè wọ́n.

Inú bí mi, mi ò ní tàn yín. Mo kàwé gboyè, wọ́n ní kí n máa pe ọmọ tí kò tíì mọ bàtà í wọ̀ ní ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò rọrùn láti fún èèyàn lórúkọ tí ẹ ò bá wojú rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣọ́ wọn. Èyí tí kì í gbé bírò sílẹ̀, mo pè é ní Akọ̀wé. Ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Oníkun nímú wa di Ọ̀gágun, torí pé ó máa ń pàṣẹ fún àwọn ewúrẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti mọ ẹni tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, mo mọ ẹni tó ń jí ẹran jẹ. Nínú bárékè, mi ò mọ orúkọ ọmọ ará ilé kejì wa títí a fi kó kúrò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọjọ́ orí ò sí nínú ẹ̀. Ìyàwó tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ lẹ́yìn mi, ó jù mí lọ, olùkọ́ àgbà ni nílé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó dé, ó ti bá ọmọ mi àkọ́bí nílé, ó sì kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹbí. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ó ń pè é ní Ìbàdíàrán títí di òní.

Ìyà ẹ̀ wà o, mi ò ní bò ó. Bí òkú bá kú, bí ọmọ bá dé, àwa ìyàwó ilé là ń dáná, àwa là ń fọ abọ́. Àwọn ọmọ osú, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà, á jókòó sórí àga, wọ́n á ní ẹran ò tó, ata pọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ osú lèmi náà nílé bàbá mi, mo sì máa ń lọ gba ẹ̀san mi níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọkọ mi ṣàìsàn, tí owó tán, Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Ó wọlé láìjẹ́ pé mo pè é, ó ní, "Ìyàwó mi ni, ta ni kó tún tọ́jú rẹ̀?" Ó san gbogbo owó oògùn.

Ọmọ Lémọ́mù

Ìyàwó, ẹ mà dáa o, Ọ̀gágun àwọn ewúrẹ́!

Tèmi kúrú. Lémọ́mù àdúgbò ni bàbá wa, wọn kì í lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun, àwa náà ò jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n olóòṣà ni bàbá tí ọgbà wọn kan tiwa. Tí a bá pa àgbò Iléyá, ilé wọn ni abọ́ ẹran àkọ́kọ́ máa ń lọ. Tí ọdún tiwọn bá dé, iṣu tútù ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, nítorí wọ́n mọ̀ pé a ò ní jẹ èyí tí wọ́n ti fi bọ. Mi ò gbọ́ kí àwọn àgbà méjèèjì jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti òkè ọya máa ń ní kí n ṣàlàyé bí Kábíyèsí Ọba Jimoh Oyetunji ṣe jẹ́ Mùsùlùmí tó ń kírun Yídì, tó tún jẹ́ Àtáọ́jà tó ń ṣíwájú ìlú lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun. Mo sọ fún un pé tìlú ni wọ́n ń ṣe. Kò yé e. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn oníwàásù kan ti dé tí kò yé àwọn náà, wọ́n sì ní gbohùngbohùn.

Ọmọ Aláró

Mo fẹ́ kí ẹ rántí àwọn obìnrin aláró. Ìlú aró kúkú ni wọ́n ń kì wá.

Ìyá mi lo ewé èlú, wọ́n lo omi eérú. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í. Kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó bá wọn nídìí ẹ̀, wọ́n gbà á, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń kọjá á ní "Àrẹdú o!", wọ́n á dáhùn. Bàbá mi, akọ́lé, kì í bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n pa. Kò sẹ́ni tó ń bi obìnrin léèrè owó aró. Owó yẹn ni mo fi ka ìwé girama, òun náà ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí bàbá mi fi owó tirẹ̀ kọ́lé sí. Nígbà tí ìjà bá dé láàárín wọn, ohùn ìyá mi máa ń lọ sókè díẹ̀ ju ti ìyàwó mìíràn lọ. Ẹ mọ ohun tó fà á.

Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ló kún ọjà báyìí. Mo máa ń bínú sí i, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ ra ìyẹn ló tún ń wá bèèrè èyí tí a fọwọ́ ṣe lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ibi ìkọ́ṣẹ́ tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ nílùú yìí, àjèjì pọ̀ tó ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tèmi ń kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ìdí Igi Kejì

Àwa mẹ́ta-dín-láàádóje là ń gbé agbo ilé wa, ìyẹn àwàdà o, ṣùgbọ́n a pọ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi ní. Ìyá àgbà bí méje, ìyá mi bí èmi nìkan, ìyàwó kẹta bí mẹ́rin. Nígbà tí bàbá kú, ilé kan àti ilẹ̀ díẹ̀ ló kù.

Àwọn ọmọ ìyá àgbà ní orí-ò-jorí ni kí a fi pín in, kí olúkúlùkù ọmọ gba ọ̀kan. Èmi dákẹ́, kí ni ẹnu mi tó? Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tí kò kàwé, ní ìdí-igi ni. Ìyá mẹ́ta, ìpín mẹ́ta. Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ lọ́yà wá sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé irú ẹjọ́ yìí láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, pé ní 1962 ni wọ́n dá a níbẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá ṣì ń tẹ̀ lé, pé wọn kì í lo orí-ò-jorí, àfi bí olórí ẹbí bá rí i pé ó yẹ kí àlàáfíà lè wà. Bàbá arúgbó yẹn ò mọ Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí adájọ́ ibẹ̀ sọ náà ló ti sọ.

Bí mo ṣe gba ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn, tí àwọn méje pín ìdá kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba tiwọn dọ́gba pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ẹ lè ní ó rọrùn fún mi láti yìn ín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: tó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, ìyàwó wo ni kò ní fi ọmọ bíbí du ogún?

Ìyàwó Ẹ̀yìn Ọjà Ọba

Ẹ kú oríire. Àwọn ìyá yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́, kí ni wọ́n gbà?

Ọmọ Ìdí Igi Kejì

Ìyàwó wa, wọn ò gba nǹkan kan lórúkọ ara wọn. Ìyàwó kì í jogún ọkọ nínú àṣà wa. Tó bá jẹ́ nílànà Mùsùlùmí ni, wọn ì bá pín ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò fẹ́ ìyẹn. Ìyá mi wà ní yàrá wọn nítorí pé ìpín mi ni.

Ìyàwó Ẹ̀yìn Ọjà Ọba

Tí wọn ò bá bí yín ńkọ́?

Ọmọ Ìdí Igi Kejì

Hmm.

Ọmọ Lémọ́mù

Ẹ ti mú un níbi tó ń ro ó.

Ìyàwó Ẹ̀yìn Ọjà Ọba

Mo ti sọ fún ọkọ mi láti àná kó kọ ìwé ìhágún. Ó ní òun máa rò ó. Mo ní kó máa rò ó, kó sì máa kọ ọ́ lọ.