Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kọ̀ tí kò wọ domain: ẹ kọ́kọ́ wo aago rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ́fíìsì kan n'Ìbàdàn ló pè mí. Wọ́n ra server tuntun, gbogbo kọ̀ǹpútà ti wọ domain (ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí server kan ń darí) tán, ó ku ti màmá tó ń bójú tó ìṣirò owó wọn. Windows 7 Professional ló wà lórí rẹ̀, inú mi sì dùn sí i, torí pé ká ní Home ni, kò sí ọgbọ́n tí mo lè ta tó máa wọ domain.

Mo tẹ orúkọ domain, ó ní òun ò rí i. Nígbà tí mo yẹ DNS rẹ̀ wò, ìyẹn ibi tó ti ń béèrè àdírẹ́sì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní, 8.8.8.8 ti Google ni mo bá níbẹ̀. Google ò mọ server tó wà ní yàrá kejì. Mo fi àdírẹ́sì server náà rọ́pò rẹ̀, ó sì béèrè password lójú ẹsẹ̀.

Ó tún kọ̀. Mo wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rí January 1, 2009. Kerberos tí domain fi ń dá èèyàn mọ̀ kì í gbà kí aago kọ̀ǹpútà àti ti server fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ síra wọn, àfi tí wọ́n bá dìídì yí i padà. Mo tú kọ̀ǹpútà náà, bátìrì CR2032 tó rí pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ ti kú pátápátá. Ẹ má kàn tún aago ṣe kẹ́ ẹ máa lọ o. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ọdún 2009 náà ló máa padà sí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì.

Ó wọlé. Àmọ́ nígbà tí màmá máa rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣófo. "Ọmọ mi, iṣẹ́ mi dà?" Ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, kò sọnù." Orúkọ tuntun tí wọ́n fi wọlé ti ṣí àyè tuntun fún ara rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ wọn ṣì wà nínú C:\Users lábẹ́ orúkọ àtijọ́. Mo bá wọn kó o wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ èyí fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó tún un tàn, àyà àgbàlagbà kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa já.

*

Ẹlòmíràn fèsì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Windows XP ni tèmi, ní lábù kan l'Abẹ́òkúta, èyí tó ń gba èsì lára ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ètò ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun. SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nìkan ni XP mọ̀, kì í sì í wà ní títàn fúnra rẹ̀ lórí Windows Server 2019. Ọ̀gá ní kí n tan SMB1 sórí server. Mo ní rárá, sà. Ihò tó wà nínú SMB1 ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà wọlé ní May 2017, tó da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn XP náà, flash la fi ń kó èsì, a sì máa ń yẹ flash ọ̀hún wò fún fáírọ́ọ̀sì kó tó kan kọ̀ǹpútà mìíràn.